Ìwọ̀n Kì í Purọ́: Bátìrì Kámẹ́rà Lọ́wọ́ Ayàwòrán Ṣábẹ

Ẹ mú bátìrì LP-E10 lọ́wọ́, èyí tí àwọn kámẹ́rà Canon bíi 1200D, 1300D, 2000D àti 4000D ń lò, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ojúlówó, 860 mAh ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lórí tábìlì ọlọ́jà: ọ̀kan ní 1500 lòun, èkejì ní 1800, ẹ̀kẹta ní 2000. Gbogbo wọn ga bákan náà, wọ́n fẹ̀ bákan náà, ihò kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀ nínú kámẹ́rà. Níbo ni èyí tó ní 2000 ti rí àyè kó agbára tó ju ìlọ́po méjì lọ sí? Kò rí àyè kankan. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ló fi ju àwọn yòókù lọ.

Ní Kútọnu, irọ́ yẹn lè má dun ayàwòrán púpọ̀. Bí bátìrì bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́sàn-án, á gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Dantokpa, á ra òmíràn, á padà síbi àríyá kí wọ́n tó gé kéèkì. Ṣábẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Oníṣábẹ yìí wà ní agbègbè Collines ní orílẹ̀-èdè Benin, ó lé ní 200 kìlómítà sí Kútọnu lójú ọ̀nà Parakou, odò Ọ̀pàrà sì ló wà láàárín ilẹ̀ wọn àti Nàìjíríà lápá ìlà-oòrùn. Ọjọ́ Sátidé ayàwòrán níbẹ̀ máa ń gùn: ìsìn ìgbéyàwó láàárọ̀, fọ́tò ẹbí àti ọ̀rẹ́ níwájú àwọn òkè àpáta tó yọrí sókè lẹ́yìn ìlú, oúnjẹ lọ́sàn-án, ijó tí á fi di òru. Bí wọ́n bá ń náwó fún ìyá ìyàwó lórí agbo, kò sẹ́ni tó máa ní kí onílù dákẹ́ torí pé bátìrì ayàwòrán ti kú. Owó yẹn á bọ́ sílẹ̀, wọn á ṣà á, fọ́tò rẹ̀ kò ní sí, ọ̀rọ̀ á sì di ti pé ta ni wọ́n máa san owó iṣẹ́ fún.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi fọ́tò jẹun láàárín wa kò ní ìyọnu yìí. Òpìtàn Érika Nimis kọ ìwé kan ní ọdún 2005 lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá tó tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó gbé kámẹ́rà kúrò nílé, tí wọ́n sì ṣí ilé fọ́tò kalẹ̀ sí ìlú onílùú. Kámẹ́rà ìgbà náà, Rolleiflex tàbí Yashica-Mat, irin àti sípíríǹgì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ẹ yí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti ya. Bí kò bá sí iná ní ìlú fún oṣù kan, kámẹ́rà kò mọ̀. Fíláàṣì nìkan ló ń jẹ bátìrì. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ọ̀gá kọ́ ọmọṣẹ́ nípa bátìrì nígbà yẹn, bátìrì fíláàṣì ló ń sọ, ẹ̀kọ́ yẹn náà sì ni púpọ̀ nínú wa ṣì ń lò fún bátìrì tí kò bá ti àtijọ́ tan rárá. Màá padà síbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọjà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ń wọ ìlú wa ni wọ́n ti lò ní Yúróòpù kó tó dé etí òkun Kútọnu tàbí ti Èkó. Bátìrì tó bá a wá ti darúgbó, owó ojúlówó tuntun kan sì tó ra àfirọ́pò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lè bá ayàwòrán wí pé ó ra àfirọ́pò. Èmi náà ń rà á. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé àfirọ́pò yàtọ̀ sí ayédèrú. Àfirọ́pò ni bátìrì tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i gbangba: Hähnel ti Ireland, Ansmann ti Jámánì, Kingma àti SmallRig ti Ṣáínà. Ayédèrú ni èyí tó gbé orúkọ Canon tàbí Nikon wọ̀, tí Canon àti Nikon kò mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí ọjà ní orúkọ tó lè bàjẹ́. Ayédèrú kò ní nǹkan kan tó máa bàjẹ́ àfi kámẹ́rà yín, nítorí náà bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá ra “ojúlówó Canon” ní owó àfirọ́pò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ kọjá.

Ní ti iye tí wọ́n kọ sára, ìtàn bátìrì kan ṣoṣo tó láti fi mọ òótọ́. Nígbà tí Canon gbé LP-E6 jáde pẹ̀lú 5D Mark II ní ọdún 2008, 1800 mAh ni. Ní 2014, LP-E6N dé pẹ̀lú 7D Mark II, ó di 1865. Ní 2020, LP-E6NH bá R5 àti R6 wá, ó di 2130. Ọdún 12 gbáko, pẹ̀lú gbogbo owó àti onímọ̀ tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n rí fi kún un nínú ike kan náà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹnì kan tí a kò mọ bàbá rẹ̀ wá kọ 3000 sára tirẹ̀. Ó dára.

Àṣírí kan tún wà níbẹ̀ tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà nínú irú bátìrì wọ̀nyí, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n bẹ́ẹ̀, fóltì ló ń papọ̀, tí 3.6 àti 3.6 fi ń di 7.2 tí ẹ rí lára bátìrì. mAh kì í papọ̀. Sẹ́ẹ̀lì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1000, bátìrì 1000 ni wọ́n máa ṣe. Ẹni tó bá ro méjèèjì pọ̀ tó kọ 2000, ìṣirò ọjà ló ṣe.

Ohun tí kò ṣeé kọ irọ́ sí ni ìwọ̀n. Agbára inú bátìrì lítíọ́mù, nǹkan tó wúwo ló ń gbé e: bàbà, alumíníọ́mù, èédú pẹlẹbẹ, kẹ́míkà tí wọ́n rẹ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá dín in kù, bátìrì á fúyẹ́. Ojúlówó LP-E6N wà láàárín 75 sí 80 gíráàmù, LP-E10 sì tó nǹkan bíi 45. Ẹ ya òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ àwọn tó ń ta wúrà tàbí àwọn tó ń wọn èròjà, ẹ gbé ojúlówó yín tó ti darúgbó sí i, kí ẹ wá gbé èyí tí ẹ fẹ́ rà sí i. Ọlọ́jà á fi yín ṣẹ̀fẹ̀.

“Àbúrò, ṣé góòlù lo fẹ́ rà ni?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bátìrì ni. Ẹ jẹ́ n rí i bó ṣe wúwo tó.”

Bó bá fi gíráàmù márùn-ún dín, ẹ lè fojú fò ó. Bó bá fi 15 tàbí 20 dín, tí ìwé ara rẹ̀ sì tún ń sọ pé òun ju ojúlówó lọ, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó ń ya fídíò, tí wọ́n ń fi bátìrì ńlá NP-F970 tan iná LED ní ibi àríyá. Bátìrì yẹn, sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju 40 gíráàmù lọ. Odindi rẹ̀ yẹ kó súnmọ́ 300 gíráàmù. Àwọn kan ń ta èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò pé, ike rẹ̀ tóbi, inú rẹ̀ ṣófo. Àwọn tó tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ti nǹkan tó wúwo bọ inú rẹ̀ kí òṣùwọ̀n má bàa tú wọn fó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ mi bátìrì létí lẹ́yìn tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán. Bátìrì gidi kì í mì, kì í dún.

Ẹ tún wo ẹnu rẹ̀, ibi tí irin ti yọ. Wọn kì í ṣe méjì péré. Yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ + sí àti èyí tí wọ́n kọ − sí, òmíràn máa ń wà tó ń sọ fún ṣájà bí inú bátìrì ṣe gbóná tó, nígbà mìíràn èyí tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ náà á wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kámẹ́rà fi ń mọ ìdá tó kù. Bí àfirọ́pò kò bá gbọ́ èdè náà dáadáa, Canon á yọ ìbéèrè sójú gíláàsì bóyá àmì Canon wà lára bátìrì yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè má sọ iye tó kù fún yín. Àwọn oní-Nikon ti jẹ ìyà tó ju èyí lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2014, lẹ́yìn tí Nikon gbé ètò tuntun jáde fún àwọn kámẹ́rà bíi D3200 àti D5200, ọ̀pọ̀ ló jí tó rí i pé bátìrì àfirọ́pò EN-EL14 tí wọ́n ti ń lò láìsí wàhálà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú àfirọ́pò yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi ètò tuntun sí i láìnídìí. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra àfirọ́pò, ẹ gbé kámẹ́rà dání lọ sọ́jà. Èyí tí kò bá tan kámẹ́rà lójú yín, ẹ má gbà pé á tàn án nílé.

Ó di ti ìtọ́jú. Ẹ bi ayàwòrán mẹ́wàá ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí bátìrì tuntun, mẹ́jọ á sọ fún yín pé kí ẹ fi í sí ṣájà fún wákàtí méjìlá, kí ẹ lò ó títí á fi kú pátápátá, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lè “mú”. Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe irọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Bátìrì níkẹ̀lì ni wọ́n sọ ọ́ fún. Bátìrì níkẹ̀lì àti kádíọ́mù àtijọ́, bí ẹ bá ń fi í sí ṣájà nígbà gbogbo kí ó tó tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé ibi tí ẹ ń dé dúró ni òpin agbára rẹ̀, àfi kí ẹ lò ó gbẹ kí ó tó padà sípò. Ṣùgbọ́n Sony ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì lítíọ́mù láti ọdún 1991, òun ló sì wà nínú kámẹ́rà yín lónìí. Ní ọdún 2019, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì lórí rẹ̀. Kò ní àìsàn níkẹ̀lì. Lílò ó gbẹ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ń ṣe ló ń jẹ ẹ̀mí rẹ̀. Bí ẹ bá sì lò ó gbẹ tán, tí ẹ wá gbàgbé rẹ̀ sínú àpò fún oṣù mẹ́ta, fóltì inú rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ààbò inú rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn pa. Ṣájà á kọ̀ ọ́. Ẹ ó ní ọlọ́jà ta ọjà burúkú fún yín.

Ibi tí ìmọ̀ràn àgbà ṣì wúlò ni fíláàṣì. Bátìrì AA mẹ́rin tó ń wọ inú fíláàṣì, bó bá jẹ́ èyí tó ń gba ṣáàjì, níkẹ̀lì ló sábà máa ń jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ irú tuntun. Láti ọdún 2005 tí Sanyo ti gbé Eneloop jáde, bátìrì AA tó lè jókòó fún oṣù mélòó kan láìsí pé agbára rẹ̀ ń jò dànù ti wà. Lílo irú wọn gbẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún fi wọ́n sí ṣájà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bí wọ́n bá ti pẹ́ nílẹ̀, máa ń jí wọn. Iye tí wọ́n kọ sára náà ní òpin: Eneloop ń sọ 2000 mAh, àwọn tó lágbára jù kì í ju nǹkan bíi 2700 lọ. Èyí tó bá pe ara rẹ̀ ní 4000, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi tan tọ́ọ̀ṣì.

Kí wá ni ká ṣe sí lítíọ́mù tuntun? Ẹ fi í sí ṣájà kí ó kún, torí pé kì í kún láti ilé-iṣẹ́. Ẹ fọwọ́ kàn án nígbà tó ń gba ṣáàjì lọ́wọ́: lílọ́wọ́ọ́rọ́ kò burú, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín kò bá lè dúró lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ìdánwò tó rọrùn jù ni fídíò. Ẹ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ kọjú sí ògiri, ẹ fi ojúlówó sí i, ẹ tẹ fídíò, ẹ máa tún un tẹ̀ bó bá dúró, títí bátìrì á fi kú. Ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àfirọ́pò. Ìgbà kan ṣoṣo yìí ni lílò ó gbẹ ní ìdí, nítorí pé ó tún ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú bátìrì mọ ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ wà, kí ìdá tó ń fi han yín lè súnmọ́ òótọ́. Bí àfirọ́pò bá ṣe ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ohun tí ojúlówó tuntun ṣe, inú mi á dùn sí i ní owó tí mo rà á. Bó bá ṣe ìdajì, ẹ dá a padà kí ọ̀sẹ̀ tó yí.

Àwọn kámẹ́rà kan á tilẹ̀ sọ ọjọ́ orí bátìrì fún yín. Àwọn Nikon tó ń lo EN-EL15 ń fi í hàn láti 0 dé 4. 0 ni tuntun, 4 ni pé kí ẹ wá òmíràn. Àwọn Canon tó ń lo LP-E6 ń fi àmì mẹ́ta aláwọ̀ ewé hàn bí ara bátìrì bá le, á sì di pupa bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ wò ó fún ojúlówó. Fún àfirọ́pò, ẹ má gbára lé e, torí pé ẹni tó ṣe àfirọ́pò ló pinnu ohun tó fẹ́ kí ó sọ.

Ọ̀tá bátìrì tó burú jù ní Ṣábẹ ni ooru, ó sì ju ayédèrú lọ lójú tèmi. Ilé-iṣẹ́ Cadex ti ilẹ̀ Kánádà, tí Isidor Buchmann dá sílẹ̀, ti fi iye tó ń bẹ níbẹ̀ hàn kedere. Bátìrì lítíọ́mù tó kún dẹ́múdẹ́mú, tí ẹ gbé kalẹ̀ síbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 25°C, á ku ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Bó bá jẹ́ 40°C ni, á ku 65. Láìya fọ́tò kankan o, jíjókòó lásán ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé 40 nínú 100 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ gbé e kalẹ̀, á ku 96 ní 25°C, á sì ku 85 ní 40°C. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 65 àti 85: kò ná yín ní kọ́bọ̀ kan, bí ẹ ṣe gbé e pa mọ́ lásán ni.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àpò dúdú tí ẹ so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà láti Ṣábẹ dé Kilibo á gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ dáadáa. Inú ọkọ̀ tí wọ́n pa dígí rẹ̀ dé lọ́sàn-án gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi aṣọ funfun wé bátìrì, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò, ẹ gbé àpò sábẹ́ igi. Bí ẹ bá dé láti òde iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó fi í sí ṣájà. Àwọn tó ṣe é kò fẹ́ kí ó gba ṣáàjì bí ooru rẹ̀ bá ju 45°C lọ. Òru ló dára jù fún ṣáàjì. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í ju Sátidé lọ, kí wọ́n má fi í kún ní ọjọ́ Mọ́ńdé. Kí ó wà ní ìdajì títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ní ìpàdé ńlá lọ́jọ́ iwájú, bí ìrìn-àjò àwọn Kátólíìkì sí ihò àpáta Arigbo ní Dassa nínú oṣù Ògún, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń wá ya fọ́tò, òun nìkan ló nídìí láti fi gbogbo bátìrì rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọyẹ́ ní tirẹ̀, eruku ló ń mú wá. Eruku pupa yẹn á bo ẹnu irin bátìrì, kámẹ́rà á máa kú lójijì bí ẹni pé bátìrì ti tán. Kí ẹ tó jù ú sọnù, ẹ fi aṣọ tó mọ́, tó gbẹ, nù ún, tàbí kí ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ìkọ̀wé rẹ́ ra á díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí bátìrì tí wọ́n ti pè ní òkú tó jí lọ́nà yìí.

Ní ti iná, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ìgbà tó bá padà dé lójijì ló léwu jù fún ṣájà olówó pọ́ọ́kú. Mo fẹ́ràn ṣájà tó ń fi USB gba iná ju èyí tó ń wọ ògiri tààrà lọ, nítorí pé ṣájà fóònù, ọkọ̀, pawa báǹkì àti pátákó oòrùn ló lè bọ́ ọ. Ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà àti oṣù tí ẹ rà á sára bátìrì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa lò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan yíká. Láìsí nọ́ńbà, ọ̀kan náà ni ẹ ó máa mú láìmọ̀, yóò sì gbó kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ojúlówó kan àti àfirọ́pò méjì tó ní orúkọ tó fún ìgbéyàwó kan: àfirọ́pò fún àárọ̀ àti àríyá, ojúlówó fún ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ òrùka.

Bátìrì tó bá wú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Gáàsì ló kún inú rẹ̀. Ẹ má fi tipátipá tì í bọ kámẹ́rà, nítorí pé kò ní jáde mọ́, ẹni tó bá sì fi ọ̀bẹ tàbí sukurudíráfà yọ ọ́ lè dá iná sílẹ̀. Ẹ má lu ú ní ihò, ẹ má jù ú sínú iná ààtàn. Ẹ fi téèpù bo ẹnu irin rẹ̀, ẹ gbé e sínú agolo tó ní iyanrìn, síta ilé, jìnnà sí ibi tí ọmọdé ń ṣeré, títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń kó irú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa sì ń rán ẹbí ní Paris tàbí London ní bátìrì. Ẹ sọ fún wọn pé inú àpò tí wọ́n máa gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kí wọ́n fi í sí, wọn kò gbọ́dọ̀ fi í sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́. Òfin ni, bátìrì lítíọ́mù tí kò sí nínú kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí kò bá ju 100 Wh lọ kò nílò àṣẹ pàtàkì. Bátìrì kámẹ́rà wa, 7.2 fóltì ní ìlọ́po 2130 mAh, tí ẹ bá pín in sí 1000, kò ju nǹkan bíi 15 Wh lọ, NP-F970 ńlá náà kò sì dé 50. Kí wọ́n bo ẹnu irin rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ tàbí téèpù, kí kọ́kọ́rọ́ ilé má bàa kàn án nínú àpò, kí wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi rà á ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.